Ẹni Tó Béèrè Ìṣirò Owó: Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì Ju Awamọ́tò Lọ

Bí wọ́n bá bi ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní ilẹ̀ Yorùbá léèrè pé ta ni Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, kíá ni yóò dáhùn pé òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó wa mọ́tò ní Nàìjíríà. Bí wọ́n bá bi àgbàlagbà, ọ̀pọ̀ ni yóò ní ìyá Fẹlá olórin ni. Ìdáhùn méjèèjì ti di àkọ́sórí. Ọmọdé tó bá kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò yóò gba máàkì; àgbàlagbà tó bá sọ ọ́ láwùjọ, wọn yóò mi orí sí i. Ṣùgbọ́n àwọn ìdáhùn méjèèjì yìí ni wọ́n fi ń sin obìnrin náà lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tó kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin lẹ́yìn lọ sẹ́nu ọ̀nà ààfin, tó sọ fún ọba àti fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pé obìnrin kò ní san owó tí kò lẹ́nu nínú bí wọ́n ṣe ń ná an, òun ni wọ́n sọ di awakọ̀ àti ìyá olórin.

Èyí kì í ṣe àṣìṣe lásán. Mọ́tò wíwà kò ni ẹnikẹ́ni lára. Gómìnà lè fi yin obìnrin lórí pẹpẹ, kò sì ní sí ẹni tí yóò bi í pé níbo ni owó ọjà wọlé sí. Bíbí olórin náà kò ni ẹnikẹ́ni lára. Iṣẹ́ tí obìnrin yìí fi ayé rẹ̀ ṣe gan-an ló ń ni àwọn aláṣẹ lára títí di òní, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ń gbójú kúrò nínú rẹ̀. Iṣẹ́ náà ni pé ó béèrè ìṣirò owó.

Wọ́n bí Olúfúnmiláyọ̀ Thomas ní Abẹ́òkúta ní ọjọ́ 25, oṣù kẹwàá, ọdún 1900. Ní 1914, ó wà lára àwọn ọmọbìnrin tó kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ Ilé-Ìwé Gírámà Abẹ́òkúta, tó jẹ́ ti ọkùnrin nìkan tẹ́lẹ̀. Ní 1919, ó wọkọ̀ ojú omi lọ kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó fi máa padà dé ní 1922, ó ti pa orúkọ òyìnbó tì, Fúnmiláyọ̀ ló ní kí wọ́n máa pe òun. Ní 1925, ó fẹ́ Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kútì, àlùfáà àti olùkọ́, tó wá di ọ̀gá ilé-ìwé gírámà náà lẹ́yìn náà, tó sì wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Nàìjíríà sílẹ̀.

Ní 1932, ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún àwọn ìyáàfin Abẹ́òkúta tó mọ̀wé. Iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, aṣọ rírán, oúnjẹ síseè àti bí a ṣe ń gba àlejò. Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló dúró sí ni, gbogbo ìlú ni ì bá máa yìn ín títí ayé, àwọn ajẹ́lẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ì bá sì máa wá mu tíì nílé rẹ̀. Kò sí ìjọba tó ń bẹ̀rù obìnrin tó ń kọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní aṣọ rírán.

Ohun tó yí i padà ni ọjà. Lásìkò ogun àgbáyé kejì, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́sẹ̀ lé ìrẹsì àwọn obìnrin ọjà, bó ṣe wù wọ́n ni wọ́n sì ń san owó rẹ̀. Àwọn obìnrin wọ̀nyí wá sọ́dọ̀ Ìyá Ransome-Kútì, àwọn mìíràn nínú wọn fẹ́ kọ́ ìwé kíkà, wọ́n sì kó ẹjọ́ ìrẹsì wọn wá pẹ̀lú. Níbẹ̀ ni obìnrin tó kàwé ti rí i pé ẹgbẹ́ òun kò tíì mọ nǹkan kan nípa ìlú tí wọ́n ń gbé. Àwọn obìnrin tó ń bọ́ ìlú kò sí nínú ẹgbẹ́ náà, ẹ̀dùn ọkàn wọn kò sì sí nínú ohun tí ẹgbẹ́ ń sọ.

Ní 1946, ẹgbẹ́ ìyáàfin náà di Ẹgbẹ́ Obìnrin Abẹ́òkúta. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín orúkọ méjèèjì kì í ṣe kékeré. Alákọ̀wé àti alátẹ, onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀, gbogbo wọn ló jókòó pọ̀. Yorùbá ni wọ́n fi ń ṣe ìpàdé. Ìyá Ransome-Kútì bọ́ gáùnù sílẹ̀, ó ró ìró, ó wọ bùbá, kí aṣọ má baà jẹ́ ìgànná láàárín òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Bó bá ń bá òyìnbó aláṣẹ sọ̀rọ̀, ó lè fi Yorùbá sọ ọ́, kí òyìnbó wá ògbufọ̀ fúnra rẹ̀. Yorùbá ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Alátẹ ní èrò àti owó, alákọ̀wé mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ń ka ìwé ìṣirò. Ìgbà tí ọwọ́ méjèèjì pàdé ni ìdí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná.

Owó orí ni ọ̀rọ̀ tó délẹ̀. Láti 1918 ni wọ́n ti ń gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin Abẹ́òkúta lọ́tọ̀, yàtọ̀ sí èyí tí ọkọ wọn ń san. Ọmọbìnrin máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í san tirẹ̀ ṣáájú ọmọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn agbowó orí a máa wọ ilé onílé, wọn a sì máa tú ọmọbìnrin sí ìhòòhò láti fi ara rẹ̀ wò bóyá ó ti tó ẹni tó ń san owó orí. Ẹni tí kò bá rí owó san, àtìmọ́lé ń dúró dè é. Pẹ̀lú gbogbo èyí, kò sí obìnrin kan ṣoṣo nínú ìgbìmọ̀ tó ń pinnu bí wọn yóò ṣe ná owó náà.

Àwọn kan máa ń sọ pé ìjà fún ẹ̀tọ́ obìnrin jẹ́ ohun tí wọ́n kó wọ̀lú láti ilẹ̀ òyìnbó. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ padà lọ ka ìtàn Ẹ̀gbá. Kí òyìnbó tó gbàjọba, ọba Ẹ̀gbá kì í dá pàṣẹ. Ògbóni ń bẹ, Ológun ń bẹ, Pàràkòyí ń bẹ, Ìyálóde náà sì ń bẹ. Ní 1864, àwọn Ẹ̀gbá fi Ẹfúnróyè Tinúbú jẹ Ìyálóde, nítorí ipa tó kó nígbà tí wọ́n lé ogun Dàhòmì padà. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló wá kó gbogbo àṣẹ wọ̀nyẹn, tó fi lé Aláké nìkan lọ́wọ́, tó sì sọ ọba di aláṣẹ kan ṣoṣo tí kò ní ẹni tí yóò dá a lẹ́kun àfi ajẹ́lẹ̀. Nínú ètò tuntun yìí, wọn kò wá Ìyálóde tì síbì kan. Ní 1947, nígbà tí Ìyá Ransome-Kútì wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tó jẹ́ obìnrin kan ṣoṣo nínú ikọ̀ tí ẹgbẹ́ NCNC rán lọ síbẹ̀, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Daily Worker pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gan-an ló gba ipò tí obìnrin ní tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn aláṣẹ fárígá. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Kò lọ tọrọ ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ òyìnbó. Ó lọ sọ fún olè nínú ilé ara rẹ̀ pé kó dá ẹrù padà.

Ohun tí Ẹgbẹ́ Obìnrin Abẹ́òkúta kọ́kọ́ ṣe kì í ṣe ariwo. Wọ́n gba onímọ̀ ìṣirò owó láti yẹ ìwé ìjọba ìbílẹ̀ wò, èló ló wọlé, èló ló jáde, ta ló ná an, kí ló fi ṣe. Wọn kò sì dúró lórí kí wọ́n fagi lé owó orí nìkan. Wọ́n dábàá ibi tí ìjọba ti lè rí owó mìíràn: kí wọ́n gbé owó orí ka àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó tó ń jẹ èrè ńlá lórí ilẹ̀ Ẹ̀gbá, kí wọ́n fi owó ìlú gbé iṣẹ́ ìlú ró, kí ìgbìmọ̀ tí obìnrin wà nínú rẹ̀ rọ́pò aláṣẹ kan ṣoṣo. Àwọn tí wọ́n ń pè ní aláìmọ̀wé, tí wọ́n ń pè ní asọ̀rọ̀kẹ́lẹ́ ọjà, ni wọ́n gbé ètò ìṣúná síwájú ìjọba. Èyí ni kò sí nínú ìwé ọmọ ilé-ìwé.

Ìgbà tí ìwé ẹ̀bẹ̀ kò rí èsì ni wọ́n bọ́ sí ìta. Ní oṣù kọkànlá, ọdún 1947, obìnrin tó ju 10,000 lọ kóra jọ sẹ́nu ọ̀nà ààfin Aké, wọ́n kọrin, wọ́n sun ibẹ̀ mọ́jú. Ní oṣù kejìlá, wọ́n tún padà lọ. Nígbà tí ìjọba kọ̀ láti fún wọn níwèé àṣẹ ìwọ́de, olórí wọn ní àwọn kò wọ́de, ọdún làwọn ń ṣe. Nígbà tí olópàá yin tajútajú, wọ́n ti kọ́ ara wọn bí wọ́n ṣe ń fi aṣọ bo ojú àti imú. Wọ́n gbé olórí wọn lọ sílé ẹjọ́ nítorí pé ó kọ̀ láti san owó orí. Àwọn mìíràn lọ sẹ́wọ̀n. Wọn kò yẹsẹ̀. Ní 1948, ìjọba dá owó orí obìnrin dúró. Ọba Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì kúrò ní ìlú lọ sí Òṣogbo, ó sì kọ̀wé fi orí oyè sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní, ọdún 1949. Obìnrin mẹ́rin wọ ìgbìmọ̀ ìlú, Ìyá Ransome-Kútì sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Kò yẹ kí ìyìn bo òótọ́ mọ́lẹ̀. Ní oṣù kejìlá, ọdún 1950, ọba náà padà sórí ìtẹ́, ó sì wà níbẹ̀ títí tó fi wàjà. Ẹgbẹ́ tí wọ́n sọ di ti gbogbo obìnrin Nàìjíríà ní 1949, àti àpapọ̀ àwọn ẹgbẹ́ obìnrin tó dá sílẹ̀ ní 1953, kò lágbára ní gbogbo ìlú bó ṣe lágbára ní Abẹ́òkúta. Wọ́n gbára lé e ju bó ṣe yẹ lọ, wọn kò sì tọ́ olórí mìíràn dàgbà tó láti gba ẹrù náà lórí rẹ̀. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú wọlé sáàárín àwọn obìnrin, wọ́n sì pín wọn yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Ẹ̀kọ́ wà nínú èyí fún ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó tóbi jù wà nínú ohun tí àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe fún un. Ó bá wọn jà fún òmìnira. Ó lo orúkọ rẹ̀, owó rẹ̀ àti ara rẹ̀. Lẹ́yìn tó rìnrìn àjò dé ilẹ̀ Ṣáínà ní 1956, ìjọba kọ̀ láti tún ìwé ìrìnnà rẹ̀ ṣe, pẹ̀lú àwáwí pé ẹlẹ́tanú kọ́múníísì ni. Nígbà tí ìdìbò 1959 dé, ẹgbẹ́ NCNC tó ti sìn láti ìbẹ̀rẹ̀ kò fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì. Ó dá dúró gẹ́gẹ́ bí olùdíje láìsí ẹgbẹ́, kò sì wọlé. Òmìnira dé ní 1960, ẹni tó ti ń ké pé kí obìnrin Àríwá náà dìbò sì rí i pé wọn kò jẹ́ kí wọ́n dì í. Ọdún 1976 ni wọ́n tó rí ẹ̀tọ́ yẹn gbà.

Ní ọjọ́ 18, oṣù kejì, ọdún 1977, àwọn ṣọ́jà ya wọ ilé Fẹlá tí wọ́n ń pè ní Kàlákútà ní Èkó. Wọ́n lu àwọn ènìyàn, wọ́n dáná sun ilé, wọ́n sì ju ìyá ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin láti ojú fèrèsé òkè. Kò gbádùn mọ́ láti ọjọ́ náà, ó sì kú ní ọjọ́ 13, oṣù kẹrin, ọdún 1978. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní ṣọ́jà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ló ṣe é. Obìnrin tó fi gbogbo ayé rẹ̀ béèrè ìṣirò lọ́wọ́ ìjọba, ìjọba kò lè ṣírò ikú òun fúnra rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń san án ní owó tí kò wọ́n. Ní 2012, báǹkì àpapọ̀ kéde pé àwọn yóò fi àwòrán rẹ̀, pẹ̀lú ti Margaret Ekpo àti Gambo Sawaba, sórí owó 5,000 náírà. Wọn kò tẹ owó náà jáde. Ní 2019, Google fi àwòrán rẹ̀ ṣe ẹ̀ṣọ́ ní ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ní 2024, fíìmù kan nípa rẹ̀ wọ ilé sinimá. Gbogbo ìwọ̀nyí dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jáde nílé sinimá, tó gba ọjà kọjá lọ sílé, tí kò wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, kò tíì wo fíìmù náà.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ rèé. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, obìnrin tó ń ta ẹ̀fọ́ ti sanwó fún tíkẹ́ẹ̀tì ìjọba ìbílẹ̀. Ó ti sanwó ilẹ̀ tó gbé àtẹ sí. Ó ti sanwó fún àwọn ọmọ ìta tó ní àwọn ń ṣọ́ ọjà. Ọkọ̀ tó gbé ẹrù rẹ̀ wá ti sanwó lójú ọ̀nà, orí ẹ̀fọ́ ni awakọ̀ sì ti gba owó yẹn padà. Ilé ìyàgbẹ́ ọjà ńkọ́? Ó tún máa sanwó kó tó wọ̀ ọ́, bí ilé ìyàgbẹ́ bá wà rárá. Bí òjò bá rọ̀, inú ẹrẹ̀ ni yóò jókòó sí. Bí iná bá jó ọjà, olóṣèlú yóò wá ya fọ́tò. Kò sẹ́ni tó máa ń ka ìwé ìṣirò owó tíkẹ́ẹ̀tì sétí rẹ̀ níparí ọdún. Bó bá béèrè, wọn yóò ní ta ló rán an.

Bí ìdìbò bá sì súnmọ́, wọn yóò wá a kàn. Wọn yóò ra aṣọ ẹgbẹ́, wọn yóò gbé ìrẹsì wá, wọn yóò bẹ Ìyálọ́jà kó kó èrò jáde. Ní ọ̀pọ̀ ibi, olóṣèlú ló ń pinnu ẹni tí yóò jẹ Ìyálọ́jà náà, kí ó lè jẹ́ ẹnu wọn láàárín ọjà dípò kó jẹ́ ẹnu ọjà láàárín wọn. Obìnrin 1947 lọ sí ààfin láti gba ẹ̀tọ́. Obìnrin òní ni wọ́n ń kó lọ sí pápá láti lọ jó.

Lókè ńkọ́? Nínú sẹ́nétọ̀ 109 tó wà l'Ábùjá, àwọn obìnrin tó wọlé ní 2023 kò pé márùn-ún. Nínú aṣojú-ṣòfin 360, wọn kò pé ogún. Láti ìgbà tí Nàìjíríà ti dá dúró, kò tíì sí ìpínlẹ̀ kan tó dìbò yan obìnrin sípò gómìnà. Ní ọjọ́ 1, oṣù kẹta, ọdún 2022, nígbà tí àwọn aṣòfin ń dìbò lórí àtúnṣe ìwé òfin, àbá pé kí wọ́n fi àwọn ìjókòó kan sílẹ̀ fún obìnrin kò kọjá. Àbá tí ìbá jẹ́ kí ọkọ tí obìnrin Nàìjíríà fẹ́ láti ilẹ̀ òkèèrè lè di ọmọ onílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó tí ọkùnrin Nàìjíríà fẹ́ láti òkèèrè ṣe lè dì í, òun náà kò kọjá. Àwọn obìnrin kóra jọ sẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbìmọ̀, àwọn aṣojú-ṣòfin ní àwọn yóò tún díẹ̀ wò nínú rẹ̀, ìwé òfin sì wà bó ṣe wà. Ẹnu ọ̀nà ló tún ku obìnrin kù sí, ní ọdún márùndínlọ́gọ́rin lẹ́yìn Aké.

Àwọn kan yóò ní obìnrin kì í dìbò fún obìnrin, pé ara wọn ni wọ́n ń bá jà. Èyí ni àwáwí tó rọrùn jù lọ. Ta ló ń pín tíkẹ́ẹ̀tì nínú ẹgbẹ́ òṣèlú? Àwọn ọkùnrin ni, ní òru, nínú yàrá òtẹ́ẹ̀lì, pẹ̀lú owó tó pọ̀ ju èyí tí alátẹ lè rí láyé rẹ̀. Orúkọ tí kò dé inú ìwé ìdìbò, báwo ni obìnrin ṣe fẹ́ tẹ̀ka sí i? Ohun tí wọ́n ṣe fún Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ní 1959 náà ni wọ́n ṣì ń ṣe. Òun tó kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún jọ ni wọn kò fún ní tíkẹ́ẹ̀tì. Mélòó mélòó ni olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì tó fẹ́ ṣe káńsílọ̀ ní wọ́ọ̀dù rẹ̀?

Ṣùgbọ́n ìbáwí náà kan àwọn tó ń fi orúkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣọ́ pẹ̀lú. Àwọn ẹgbẹ́ alákọ̀wé obìnrin tó ń ṣe ìpàdé ní gbọ̀ngàn tó tutù, tí gbogbo ọ̀rọ̀ wọn jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí ìwé wọn kò dé ọjà rí, ẹgbẹ́ ìyáàfin ọdún 1932 ni wọ́n ṣì wà. Wọn kò tíì dé 1946. Ẹni tó bá fẹ́ jogún obìnrin yẹn ní láti jókòó lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ alátẹ, kó fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀, kó sì bi í léèrè èló ló ń san lóòjọ́. Bí wọ́n bá ti kọ iye náà sílẹ̀, kí wọ́n ṣe é ní ọjà kejì àti ẹ̀kẹta. Kí wọ́n ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Kí wọ́n gbé àpapọ̀ náà lọ sí ìjọba ìbílẹ̀, kí wọ́n sì ní kí wọ́n fi ìwé ìṣirò hàn wọ́n. Òfin tó gba gbogbo ọmọ Nàìjíríà láàyè láti béèrè ìwé lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba ti wà láti 2011. Obìnrin 1947 kò ní irú òfin bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ó rí ìwé náà wò.

Ó yẹ kí ìdáhùn inú ìwé ọmọ ilé-ìwé náà yí padà. Kí olùkọ́ kọ ọ́ sójú pátákó pé Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ni obìnrin tó kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jọ láti wo bí ìjọba ṣe ń ná owó wọn, tí wọn kò sì kúrò lẹ́nu ọ̀nà títí wọ́n fi gba èsì. Ọmọ tó bá kọ́ ìyẹn yóò dé ilé, yóò rí tíkẹ́ẹ̀tì nídìí àpò ìyá rẹ̀, yóò sì béèrè pé, "Màmá, kí ni wọ́n fi owó yìí ṣe?" Ìbéèrè yẹn ni àwọn aláṣẹ ń sá fún láti ọdún 1947, òun náà sì ni ogún tí ìyá náà fi sílẹ̀.